Àlàájì, Pásítọ̀, Olúwo: Ìrántí Gbénga Adébóyè ní Ìpájà

Ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹrin ọdún 2003, tí í ṣe Ọjọ́rú, ni Gbénga Adébóyè, aláwàdà orí rédíò, ọmọ Òde Òmu, Fúnwọntán, Jẹ́ńgbétiẹ̀lé, Àbẹ̀fẹ́, abìjà-wàrà-bí-ẹkùn, dágbére fún ayé, nígbà tí kò tíì ju ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì lọ. Àkókò náà sì jẹ́ ìgbà tí ilẹ̀ Yorùbá kò tíì mí kanlẹ̀ lẹ́yìn ìbò ààrẹ àti ti gómìnà tí a dì ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kan náà, ìbò tó gbá àwọn gómìnà ẹgbẹ́ òṣèlú AD lọ ní ìpínlẹ̀ Yorùbá gbogbo, tí kò ṣẹ́ ku ju ti Èkó nìkan lọ, tó fi jẹ́ pé níbikíbi tí ènìyàn mẹ́ta bá ti pàdé ní Ìyànà Ìpájà, ì báà jẹ́ nídìí ọkọ̀, ì báà jẹ́ lọ́dọ̀ oníwèé ìròyìn, ọ̀rọ̀ ẹni tó wọlé àti ẹni tó ṣubú ni wọ́n ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni èmi náà wà, láàárín àwọn tí í dúró ka ìwé ìròyìn láì ná kọ́bọ̀, nígbà tí awakọ̀ danfo kan tó ń pe èrò Ayọ̀bọ́ yọ orí lójú fèrèsé, tó kígbe pé, “Ẹ̀yin èèyàn, Gbénga Adébóyè ti kú o!”

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé a burú. Ohun tí a rò ni pé kásẹ́ẹ̀tì tuntun ló jáde, pé ọkùnrin tó ti fi ọ̀rọ̀ ikú, ọ̀rọ̀ gbèsè, ọ̀rọ̀ àlùfáà àti ọ̀rọ̀ olè pa wá lẹ́rìn-ín láti ọjọ́ yìí wá ló tún gbé òmíràn dé. Awakọ̀ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní lórí rédíò ni òun ti gbọ́ ọ, ó sì pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ níbi tí èrò gbé ń fa ilẹ̀kùn lọ́wọ́ ara wọn, ohun tí n kò rí kí awakọ̀ danfo ṣe rí ní Ìyànà Ìpájà.

Ẹni tó bá dé Ìpájà lónìí, tó rí i bí ilé ṣe fara ti ilé láti Ìyànà títí dé Ayọ̀bọ́, kò ní tètè gbà pé ilẹ̀ oko àwọn Àwórí ni gbogbo rẹ̀ kí ìjọba tó kọ́ ẹ́síteètì Gowon, ti Shagari àti ti Abẹ́sàn, kí àwọn tí owó ilé lé kúrò ní Múṣin, ní Ṣómólú àti ní Agége náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ọmọ onílẹ̀ dúnàádúrà ní ààbọ̀ plọ́ọ̀tì, ààbọ̀ plọ́ọ̀tì. Nígbà tí ìjọba ka ènìyàn ní ọdún 2006, ènìyàn 1,277,714 ni wọ́n kà ní Alímọ̀ṣọ́ nìkan, tí Ìpájà wà lábẹ́ rẹ̀, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní ìpínlẹ̀ Èkó tó tó o. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo ń sọ yìí ti ṣáájú èyí. Ìgbà tí a ṣì lè gbọ́ àkùkọ lójú ọ̀nà Bàrúwà ni, tí ènìyàn lè dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ kó mọ rédíò ilé ta ló ń ké lápá òkè àdúgbò.

Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo jẹ́, ilé tí mo sì ń gbé jẹ́ irú èyí tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn la àárín wọn já, tí ìdáná, ilé ìwẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn jẹ́ ti gbogbo ayálégbé lápapọ̀. Àlàájà kan tó ń ta gaàrí àti elùbọ́ ló ni ilé. Nínú yàrá kẹta sí tèmi ni ajíhìnrere ìjọ aláṣọ funfun kan wà pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ẹni tí agogo rẹ̀ í jí wa kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí òórùn àgbo kì í tán, ni bàbá arúgbó kan tó jẹ́ ará Ìjẹ̀bú ń gbé, ẹni tó ń dáfá fún àwọn tí wọ́n í wọlé tọ̀ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́, tí púpọ̀ nínú wọn kì í fẹ́ kí a kí wọn. Rédíò Àlàájà nìkan ló ní ohùn tó lè kárí ilé. Orí fèrèsé ló í gbé e sí, yóò fi orí rẹ̀ síta, kí gbogbo wa lè gbọ́ nígbà tí kálukú bá ń tẹ́jú mọ́ garawa omi rẹ̀ láàárọ̀. Nígbà tí NEPA bá sì ti ṣe bí í ti í ṣe, bátìrì olórí ẹkùn ni a gbẹ́kẹ̀ lé. Bátìrì náà kò sì í kú kíá lọ́wọ́ wa, nítorí bí ó bá ti ń rẹ̀ ẹ́, a ó tẹ́ ẹ sórí páànù ìdáná kí oòrùn pa á, àwọn ọmọ yóò fi eyín tẹ̀ ẹ́ nídìí, yóò sì tún sọ̀rọ̀ fún wa dé ọjọ́ kejì.

Bí a bá ti ṣí Rédíò Lagos ní Agídìngbí, tiwa-n-tiwa, ìròyìn la ó kọ́kọ́ gbọ́, ìkéde òkú yóò tẹ̀ lé e, ìkéde ọmọ tó sọnù àti ìwé ẹ̀rí tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ yóò tẹ̀ lé ti òkú, ewì tàbí àpàlà yóò sì dí àlàfo tó bá kù. Ọdún 1977 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, àwa tí a sì ti dàgbà ká tó dé Èkó kò ka ìyẹn sí ohun àtijọ́ rárá, nítorí a ṣì gbọ́ lẹ́nu àwọn bàbá wa bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fa wáyà wọ ilé àwọn ènìyàn ní Èkó ní ọdún 1935, tí wọ́n gbé àpótí kékeré kọ́ ara ògiri, àpótí tí í sọ ti ẹnu rẹ̀ láì dúró gba èsì, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè bá jiyàn. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni wọ́n pè é. Àwọn tó sọ rédíò di ti Yorùbá gidi fún wa, Adébáyọ̀ Fálétí, Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀, Ọlánrewájú Adépọ̀jù, akéwì ni wọ́n, ẹni tí ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ tí ènìyàn fi ń kúnlẹ̀. Àwa tí a wà ní ìpele ìsàlẹ̀ ń bọ̀wọ̀ fún wọn, a sì ń bẹ̀rù wọn díẹ̀.

Kò sẹ́ni tó bẹ̀rù Gbénga. Nígbà tí ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti Rédíò Lagos ní àárín àwọn ọdún 1980, nínú ètò tó sọ ní Fúnwọntán, ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé kò jọ ẹni tó jókòó sí stùdíò. Ó jọ ẹni tó wà ní ìdí ìdáná wa gan-an, tó sì ti ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wa láti àná. Kò dá sọ̀rọ̀. Yóò mú ọ̀rọ̀ kan wọlé gẹ́gẹ́ bí atọ́kùn ètò, ohùn bàbá arúgbó kan yóò já a lẹ́nu. Ohùn ẹni tó gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀ yóò tún bá bàbá náà jà, áfáà kan yóò dá sí i. Ará oko kan yóò dé, yóò kí gbogbo wọn kíkí tí kò ní tán. Láísì Abéṣùpínlẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ nìkan tó ìjà, yóò sì wá da gbogbo rẹ̀ rú. Bí ẹ bá tan rédíò ní ìdajì ọ̀rọ̀, ẹ ó rò pé ìpàdé àwọn onílé ní Ìpájà ló ń lọ lọ́wọ́.

Ní ojúlé tó kọjú sí tiwa, oníṣẹ́ rédíò kan wà, ọ̀gá nídìí iṣẹ́ rẹ̀, tí àwa méjèèjì mọwọ́ ara wa gan-an. Ìsọ̀ rẹ̀ kò fẹ̀ ju kí ènìyàn méjì jókòó lọ, ìyókù jẹ́ rédíò tí a tú ikùn rẹ̀ síta, àwọn mìíràn sì ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí olówó wọn ti kó kúrò ní àdúgbò. Ọkùnrin yìí ni kò gbà fún mi pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń dá gbogbo ohùn wọ̀nyẹn ṣe. Ó ní bí mo tilẹ̀ mọ ìwé, n kò mọ rédíò. Yóò gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná sílẹ̀, yóò sún etí mọ́ ẹnu rédíò, yóò ní, “Tíṣà, ẹ gbọ́ o: bàbá yẹn jìnnà sí máíkì, ó tó ìwọ̀n apá kan, áfáà yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé máíkì mì, ti Láísì ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ọ̀kan kọ́ nìyẹn, wọ́n tó márùn-ún níbẹ̀.” Àlàyé rẹ̀ mọ́gbọ́n wá, n kò sì ní èsì rẹ̀. A fi ìgò Gulder méjì ta á.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan ṣe ìnáwó ìsìnkú, Gbénga Adébóyè fúnra rẹ̀ sì ni olùdarí àríyá tí wọ́n gbà. Ọ̀rẹ́ mi lọ. Kò tilẹ̀ wo oúnjẹ. Ó wá ibi tó ti lè rí ẹnu ọkùnrin náà dáadáa, ó sì fi ojú rí ohun tí etí rẹ̀ ti rò pé ènìyàn márùn-ún ni: ẹni kan ṣoṣo, máíkì kan ṣoṣo, tó ń fà á sún mọ́ ètè, tó ń tì í kúrò, tó ń fi ojú kan dún bí arúgbó, tó ń yí ọrùn díẹ̀ kó tó di áfáà, tí gbogbo àgbà tó wà lábẹ́ àtíbàbà sì ń da ara wọn dé lórí àga. Nígbà tó padà dé, ìgò Gulder méjì ló kọ́kọ́ gbé fún mi kó tó sọ pé ẹ káàárọ̀. Gbólóhùn kan ló sọ lẹ́yìn rẹ̀: “Tíṣà, ọkùnrin yẹn kò ní alájọṣe, ó ń bá ara rẹ̀ jẹ́ alájọṣe ni.” Mo ti ka ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé kọ nípa Gbénga láti ìgbà náà, n kò tíì rí èyí tó ju gbólóhùn yìí lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ohùn nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń jà nínú ilé wa. Àlàájì Pásítọ̀ Olúwo ni ọkùnrin náà ń pe ara rẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, láì fi àmì kankan dá wọn dúró. Yóò ké kéwú Ìmàle bí ẹni tó jókòó sí orí ẹní ní iwájú áfáà rẹ̀ láti kékeré. Kò ní pẹ́, yóò ka Bíbélì jáde láti orí bí ìwé náà ṣe wà. Ẹ ó sì tún gbọ́ ẹsẹ Ifá kan tó bọ́ sí ojúu rẹ̀ gan-an. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní ìsàmì ni Elijah, Olúwagbémiga sì ni Yorùbá rẹ̀, ìyàwó ajíhìnrere kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé èyí. Àlàájà ní kí ó dákẹ́: ta ló ń pe Kúránì bẹ́ẹ̀ tó tún jẹ́ onígbàgbọ́? Ṣé a kì í sì í gbọ́ pé Àlàájì ló ṣáájú Pásítọ̀ nínú orúkọ rẹ̀? Bàbá Ìjẹ̀bú kì í dá sí àríyànjiyàn wọn rárá. Ìgbà kan ṣoṣo tó sọ̀rọ̀, ó ní ohun tí ẹ bá fi ṣe ìparí orúkọ ni ó ń ru gbogbo ìyókù, ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, àwọn àgbà ti wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo kọjá, tí agogo ìjọ aláṣọ funfun ń ta ko ìpè àdúrà láàárọ̀, tí àwọn méjèèjì sì ń ta ko òórùn àgbo, ẹ̀rín ni ó mú kó ṣeé gbé. Èmi kò sọ pé Gbénga ló pa wá pọ̀. Owó ilé tí kò tó nǹkan ló pa wá pọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí Àlàájà rẹ́rìn-ín sí ohun tí ó sọ nípa àwọn áfáà tí í ka Yásínì nítorí owó, tí ìyàwó ajíhìnrere rẹ́rìn-ín sí ohun tí ó sọ nípa wòlíì tí í rí ìran oúnjẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn rò pé ẹnì kejì ni ó ń bú. Bóyá ọkùnrin náà sì lọ sí Mẹ́kà tàbí kò lọ, èmi kò tẹ̀ lé e lọ, n kò lè jẹ́rìí.

Mo ní ẹ̀dùn ọkàn kan sí i nígbà náà, kò yẹ kí ikú rẹ̀ mú mi gbé e mì. Kò sí olùkọ́ Yorùbá tó gbádùn rẹ̀ tó èmi, kò sì sí ẹni tó ń bínú sí i tó èmi náà, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan yóò jẹ́ ìjìnlẹ̀ tó yẹ kí a tẹ̀ sínú ìwé, èyí tó tẹ̀ lé e yóò sì jẹ́ irú èyí tí ènìyàn í sáré yí ohùn rédíò sílẹ̀ fún nítorí àwọn ọmọ. Ẹnu tó mọ oríkì tó bẹ́ẹ̀, tó lè mú ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ọmọ Ẹ̀gbá àti ọmọ Ọ̀yọ́ dìde lórí àga lẹ́ẹ̀kan náà nípa kíké orílẹ̀ wọn, tó lè sọ èdè Ìjẹ̀bú tí ìyá Ìjẹ̀bú yóò fi yíjú wò ó, kí ló ń wá nídìí ọ̀rọ̀ ìdí àti ìdọ̀tí? Mo bi ara mi bẹ́ẹ̀ títí. Lónìí mo rò pé ó mọ ohun tí ó ń ṣe ju bí mo ti rò lọ: àwọn tí ìdọ̀tí bá mú dúró ni oríkì í bá lórí ìdúró, ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé mi tí wọn kò lè ka ẹsẹ kan nínú ìwé tí mo ń kọ́ wọn ni wọ́n gbọ́ àdììtú èdè lẹ́nu rẹ̀, tí wọ́n sì wá ń bi mí ní ìtumọ̀ rẹ̀ ní kíláàsì. Mo sọ ìtumọ̀ gbogbo rẹ̀ fún wọn àyàfi àwọn tí kò ṣeé sọ.

Ní ọdún 1992 ni ìjọba ológun Babangida gbé òfin kejìdínlógójì jáde, òfin tó fún àwọn aládàáni láyè láti dá ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn sílẹ̀. Ọdún 1994 ni rédíò aládàáni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Ray Power tí Raymond Dokpesi dá sílẹ̀, kì í sì í ṣe Ìkòyí ló kọ́ ọ sí, kì í ṣe Erékùṣù. Alágbàdo ni, ẹ̀gbẹ́ wa níhìn-ín, ibi tí a lè gun ọkọ̀ kan lọ láti Abúlé Ẹ̀gbá. Tọ̀sán-tòru ló ń sọ̀rọ̀. Orin tí àwọn ọmọdé fẹ́ ló ń lù, Gẹ̀ẹ́sì sì ni púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì àwọn tó ti Amẹ́ríkà dé àti Gẹ̀ẹ́sì àwọn tó fẹ́ kí a rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti dé. Ọ̀rẹ́ mi oníṣẹ́ rédíò láyọ̀, nítorí gbogbo ẹni tó ní rédíò tí kò gbé FM ló ń sáré tọ̀ ọ́ wá. Láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta, mo rí i pé àwọn ọmọ kíláàsì mi ti ń yí ahọ́n po láti sọ̀rọ̀ bí atọ́kùn ètò, wọ́n ń kí ara wọn káàárọ̀ ní ohùn tí kì í ṣe ti ìyá wọn.

Kásẹ́ẹ̀tì ni Gbénga fi dúró. Ohun tí rédíò kò fún un láyè láti sọ, kásẹ́ẹ̀tì gbà á, kò sì sí ọkọ̀ tó ń kó èrò láti Ìyànà lọ sí Ìpájà tí ẹ kò ní bá ọ̀kan nínú rẹ̀ nínú ihò ẹ̀rọ, ojúlówó tàbí ayédèrú tí wọ́n tẹ̀ ní Àlàbà. Ohùn rẹ̀ ló ń jẹ́ kí a fara da sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ojú ọ̀nà Abẹ́òkúta. Mo ti rí àwọn èrò tó dé ibi tí wọ́n ń lọ, tí wọ́n sì jókòó síbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tán kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, tí kọ́ńdọ́kítọ̀ kò sì lé wọn, nítorí òun náà ń gbọ́.

Gbogbo àkókò yìí, ara ọkùnrin náà kò dá. Àrùn kíndìnrín ni, èyí tí àwọn bàbá wa ń pè ní ìwe, ẹran ara méjì tó wà lẹ́yìn ìbàdí tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa fọ ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n máa sẹ́ ìdọ̀tí inú rẹ̀ jáde sínú ìtọ̀. Bí wọn kò bá lè ṣe é mọ́, ẹ̀rọ ni yóò máa bá ènìyàn fọ ẹ̀jẹ̀, nígbà méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀, wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà kọ̀ọ̀kan, láìdáwọ́ dúró títí a ó fi rí ẹni tó lè fún un ní ọ̀kan nínú tirẹ̀. Ní ìgbà náà sì rèé, ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ yẹn ní orílẹ̀-èdè yìí kò pọ̀, owó rẹ̀ sì ju ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ. Àwa kò mọ. Àwa tí a rò pé a mọ gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀dọ̀ àti ìwe rẹ̀, nítorí ó ń bá wa jí lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó mọ pé orí ìrora ni ó ti ń pa wá lẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ní bí ọ̀rọ̀ bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là á fi rín. Wọn kò sọ ẹni tí yóò jẹ́ olùdarí àríyá níbẹ̀. Àrùn la sì lè wò, a kì í rí tọlọ́jọ́ ṣe.

Èyí ni ohun tí mo ti ń rò láti ìgbà náà, tí n kò sì rí ẹni tó bá mi sọ ọ́ bí mo ti fẹ́. Nígbà tí ikú bá mú ọ̀kan nínú àwọn tó jọ ń ṣe ètò àárọ̀ lórí rédíò, ẹnì kejì ló í ṣí máíkì ní ọjọ́ kejì. Mo gbọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí Tósìn Bucknor kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, ọmọ Ṣẹ́gun Bucknor olórin ayé ìjọ́hun tí òun náà kú ní ọdún 2017. Ó ti ṣe ètò àárọ̀ ní Top Radio kó tó lọ sí Inspiration FM, ó sì fi ọdún púpọ̀ là wá lójú lórí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde tí òun fúnra rẹ̀ ń bá jà. Mo gbọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí Dan Foster, ará Amẹ́ríkà tó sọ Èkó di ilé, bá àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà lọ ní oṣù Kẹfà ọdún 2020. Àwọn tó bá wọn ṣiṣẹ́ sunkún lórí afẹ́fẹ́, wọ́n dákẹ́ níbi tó yẹ kí èkejì ti dáhùn, àwa olùgbọ́ sì mọ ibi tí òkú náà ì bá ti sọ̀rọ̀. Ìtùnú ni ìdákẹ́jẹ́ yẹn jẹ́. Ó fi hàn pé ẹnì kan ṣì wà níbẹ̀ tó mọ ipò rẹ̀.

Ti Gbénga kò rí bẹ́ẹ̀. Láísì Abéṣùpínlẹ̀ ni ì bá ṣí máíkì ní ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n Láísì bá a lọ. Bàbá arúgbó náà bá a lọ, áfáà bá a lọ, ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá tán bá a lọ pẹ̀lú ìwọ̀nba tó gbọ́, ará oko náà lọ láì kí wa pé ó dàbọ̀, òun tí kì í kíni tán. Ọjọ́ kan ni ikú wọ stùdíò, kò sì fi ẹyọ kan sílẹ̀ láti sọ fún wa bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Oníṣẹ́ rédíò náà ló kọ́kọ́ sọ ọ́ ní ìsọ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a gbọ́. “Tíṣà,” ó ní, “nígbà tí mo ní wọ́n tó márùn-ún, ṣé irọ́ ni mo pa?” Mo ní kì í ṣe irọ́. Bí ó bá béèrè ìgò Gulder rẹ̀ padà lọ́wọ́ mi ní ọjọ́ yẹn, ǹ bá fún un.

Nínú ilé wa, Àlàájà pe áfáà kan kó wá ṣe àdúrà fún òkú náà, ó sì dín àkàrà sàárà. Ajíhìnrere àti ìyàwó rẹ̀ tan àbẹ́là, wọ́n kọrin ìsìnkú títí dé òru. N kò mọ ohun tí Bàbá Ìjẹ̀bú ṣe, nítorí ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gba àkàrà, ó sì bá wọn ṣe àmín níbi méjèèjì. Ẹnikẹ́ni kò jiyàn mọ́ nípa ẹni tó ni ín.

Ilé náà ti di ilé alájà mẹ́ta báyìí, àwọn ọmọ Àlàájà ló wó o tí wọ́n tún un kọ́, àwa tí a gbé e nígbà náà sì ti fọ́n ká. Ọ̀rẹ́ mi kó lọ sí Ìkọ̀ròdú, fóònù ló ń tún ṣe níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Èmi ṣì wà ní Ìpájà. Lẹ́nu lọ́ọ́lọ́ọ́ yìí mo lọ gẹ irun lọ́dọ̀ ọmọdékùnrin kan nítòsí bọ́ọ̀sìtọ́ọ̀bù, mo bá a tó gbé fóònù ti dígí, tí ohùn Gbénga sì ń jáde nínú rẹ̀, tí òun àti àwọn tó ń dúró de irun ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n ń gbá ara wọn lẹ́yìn. Mo jókòó. Nígbà tó yá, ó bi mí pé, “Bàbá, ẹ gbọ́ ọkùnrin yìí? Rédíò wo ni ẹ rò pé wọ́n wà, òun àti àwọn èèyàn rẹ̀? Ẹnì kan níláti bá wa sanwó fún wọn, kí wọ́n wá ṣe àríyá tiwa ní Ọdún Àjíǹde.” Mo ní ó ti kú, kí a tó bí ẹ. Ó wo ojú mi nínú dígí bóyá mo ń ṣe ẹ̀fẹ̀, ó wo fóònù, ó tún wo ojú mi. “Àwọn tó kù ńkọ́?” ló bi mí. Mo ní kó máa gẹ irun rẹ̀, kó sì rọra níbi etí.